Ṣúgà wálẹ̀, uric acid gòkè: Ohun tó yẹ kí gbogbo alátọ̀gbẹ mọ̀

Ẹ jẹ́ ká fi bàbá kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni ọdún 58 tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò nílùú Ìbàdàn. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí dókítà ti sọ fún un pé ó ní àtọ̀gbẹ. Ní ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, bàbá kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Bó bá rántí oògùn, á lò ó. Bí kò bá rántí, ó di ọjọ́ mìíràn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ṣúgà kì í wá sísàlẹ̀ 250. Nígbà tó yá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ẹ̀rù sì ba bàbá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn lákòókò, ó dín òkèlè kù, ó ń fẹsẹ̀ rìn láràárọ̀. Kó tó tó oṣù mẹ́fà, ṣúgà ti wálẹ̀ sí 120. Inú dókítà dùn, inú ìyàwó ilé náà dùn.

Àfi bí ìrora kan ṣe jí bàbá lóru ọjọ́ kan. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti wú, ó pọ́n, ó ń gbóná, débi pé aṣọ ìbora lásán kò ṣeé fi kàn án. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ará ilé àti ará àdúgbò pé lé e lórí. Àbúrò rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣojú lásán. Ẹ ti tẹ nǹkan ni." Aládùúgbò kan fèsì pé, "Ẹ má dá a lóhùn, alàgbà. Oògùn ṣúgà tí ẹ ń gbé mì lójoojúmọ́ yìí ló ti wọnú egungun yín. Ẹ jẹ́ kó sinmi ná." Wọ́n gbé bàbá lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, èsì sì jáde pé uric acid ara rẹ̀ jẹ́ 8.6. Ọmọ rẹ̀ wá ìwé àyẹ̀wò ọdún tó kọjá jáde. Nígbà náà tí ṣúgà wà lókè téńté, 4.9 péré ni uric acid ọ̀hún.

Bàbá ro ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó ní òun ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: nígbà tóun kò lo oògùn, kò sí uric acid, ìgbà tóun bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn ló dé. Ó kó gbogbo oògùn àtọ̀gbẹ sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í.

Àpẹẹrẹ lásán ni bàbá yìí, ṣùgbọ́n irú èrò bẹ́ẹ̀ ti ba ìlera ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Òótọ́ ni pé ṣúgà wálẹ̀. Òótọ́ ni pé uric acid gòkè. Àmọ́ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí bàbá àti aládùúgbò rẹ̀ rò, ẹni tí kò bá sì mọ ìdí ọ̀hún lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ sínú ewu.

Kí ni uric acid gan-an?

Kò sí ilé téèyàn ń gbé tí kì í ní pàǹtí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara èèyàn rí. Nínú gbogbo ẹ̀yà tíntìntín tó para pọ̀ di ara ni èròjà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní purine. Èròjà yìí wà nínú ẹran, ẹja àti ọ̀pọ̀ oúnjẹ mìíràn. Nígbà tí àwọn ẹ̀yà tíntìntín tó ti gbó bá kú, tàbí tí oúnjẹ bá dà nínú, ara á fọ́ purine náà sí wẹ́wẹ́. Ohun tó máa ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀ ni uric acid.

Ọ̀pọ̀ ẹranko ló ní èròjà kan nínú ara tó tún ń fọ́ uric acid yìí títí yóò fi rọrùn láti tọ̀ dànù. Èèyàn kò ní in, ìnàkí náà kò ní in. Nítorí náà, kíndìnrín ni iṣẹ́ ọ̀hún já lé léjìká. Bí a bá pín uric acid tó ń jáde lára sí ọ̀nà mẹ́ta, kíndìnrín ló ń da nǹkan bí ìdá méjì nínú rẹ̀ sínú ìtọ̀, ìdá kan tó kù á gba inú ìfun jáde.

Níbi tí wọ́n bá ti ń fi mg/dL kà á, iye tí wọ́n sábà máa ń pè ní déédéé fún ọkùnrin jẹ́ láti 3.5 sí nǹkan bíi 7.2. Ti obìnrin máa ń kéré díẹ̀, ó sábà máa ń parí sí nǹkan bíi 6, pàápàá kí nǹkan oṣù tó dáwọ́ dúró. Bó bá ti kọjá 6.8, ẹ̀jẹ̀ kò lè yọ́ gbogbo rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ti po iyọ̀ sómi rí mọ̀ pé bí iyọ̀ bá ti pọ̀ jù, yóò sùn sísàlẹ̀ ife. Bí uric acid náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Á di wóró tíntìntín tó mú ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, á wá sùn sí oríkèé, pàápàá àtàǹpàkò ẹsẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ tutù ju àárín ara lọ. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ogun ara bá dojú kọ wóró wọ̀nyí, ìrora á bẹ́ sílẹ̀. Èyí ni irú làkúrègbé tí àwọn dókítà ń pè ní gout.

Ohun kan wà tó yẹ kéèyàn fi sọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ẹni tí uric acid rẹ̀ ga ni gout kò ní mú títí ayé wọn.

Ìmọ̀ nípa nǹkan yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1776, Carl Wilhelm Scheele, onímọ̀ kẹ́míkà ní ilẹ̀ Sweden, rí uric acid nínú òkúta tó ń dí ojú ọ̀nà ìtọ̀. Ní 1848, dókítà kan nílùú Lọ́ńdọ̀nù, Alfred Baring Garrod, fi hàn pé ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní gout. Láyé ọjọ́un, àrùn ọba ni àwọn ará Yúróòpù ń pe gout, torí pé ẹni tó bá rí ẹran àti wáìnì gbé jẹ gbé mu lójoojúmọ́ ni wọ́n sọ pé ó ń mú. Lónìí, àrùn ọba ti di àrùn onímọ́tò, àrùn olùkọ́ àti àrùn ìyálọ́jà.

Níbi tí uric acid ti pàdé ṣúgà

Insulin ni kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà kó lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọnú iṣan. Lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ní irú àtọ̀gbẹ tó ń mú àgbàlagbà, kì í ṣe pé insulin kọ́kọ́ tán; ara ló ń ṣe agídí sí i. Ara á wá máa pèsè púpọ̀ sí i kí ó lè borí agídí náà. Ọdún gbọọrọ ni nǹkan á fi rí báyìí kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé àtọ̀gbẹ ti dé, pàápàá lára ẹni tí ikùn rẹ̀ tóbi.

Bí insulin bá pọ̀ lára, ó ń sọ fún kíndìnrín pé kó di iyọ̀ àti uric acid mú, kó má tọ̀ ọ́ dànù. Ìdí nìyẹn tí uric acid, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ikùn ńlá fi máa ń bára wọn rìn bí ọmọ ìyá. Ìwádìí kan tó jáde ní 2009, tó kó èsì ìwádìí 11 pọ̀, fi hàn pé bí uric acid bá fi mg/dL kan lé, ewu kí àtọ̀gbẹ mú onítọ̀hún máa ń fi nǹkan bí ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n bí àtọ̀gbẹ bá ti dé tí ṣúgà sì kúrò lábẹ́ àkóso, ọ̀rọ̀ á yí padà. Kíndìnrín ní ìwọ̀n ṣúgà tó lè gbà padà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ṣúgà bá ti kọjá nǹkan bí 180, á bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú ìtọ̀. Ṣúgà tó ń jáde yìí máa ń fa omi dání. Ìdí nìyẹn tí alátọ̀gbẹ fi ń tọ̀ léraléra tí òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́, òun náà ló sì mú káwọn àgbà máa wo ibi tí èèrà ti ń ṣù mọ́ ìtọ̀. Bí ṣúgà ṣe ń jáde ni uric acid náà ń bá a jáde. Bí ọ̀gbàrá ló rí: kì í gbé ìdọ̀tí nìkan lọ, ohun gbogbo tó bá bá lójú ọ̀nà ló ń gbá lọ.

Hyon Choi àti Earl Ford, àwọn oníwàádìí méjì ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò nínú àkọsílẹ̀ ìlera tí ìjọba orílẹ̀-èdè náà kó jọ lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará ìlú. Ní 2008, wọ́n fi èsì rẹ̀ síta. Wọ́n lo àyẹ̀wò HbA1c, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n rí i pé bí HbA1c ṣe ń gòkè ni uric acid náà ń gòkè, títí ó fi dé àárín 6 sí 6.9. Láti ibẹ̀ lọ, bí ṣúgà bá ṣe ń pọ̀ ni uric acid ń dín kù. Bí òkè ni: èèyàn á gùn ún dé ṣóńṣó, lẹ́yìn náà á máa sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì.

Ọ̀rọ̀ bàbá oníṣòwò wá yé wàyí. Iye 4.9 tó wà nínú ìwé àtijọ́ kì í ṣe àmì ìlera. Ọ̀gbàrá ṣúgà ló ń gbá uric acid lọ, òun kan náà ló sì ń ba ojú, kíndìnrín àti iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí oògùn àti ìrìn àràárọ̀ mú ṣúgà wálẹ̀, ọ̀gbàrá dá, uric acid tí ara ti ń dì mú látẹ̀yìn wá sì hàn síta. Oògùn kọ́ ló gbé e wá. Ṣe ni ó ṣí aṣọ lójú ohun tó ti wà nílẹ̀.

Ṣé uric acid ló wá ń fa àtọ̀gbẹ?

Ìbéèrè yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ oníwàádìí ṣàìsùn. Bí nǹkan méjì bá ń rìn pọ̀, kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan ló bí èkejì. Agboòrùn máa ń pọ̀ nígbòro lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, àmọ́ agboòrùn kọ́ ló ń fa òjò.

Lọ́dún 2015, àwọn oníwàádìí ní Yúróòpù wo àwọn tí a bí uric acid gíga mọ́, ìyẹn àwọn tó jẹ́ pé àbínibí ni tiwọn. Bó bá jẹ́ pé uric acid gan-an ló ń fa àtọ̀gbẹ, ó yẹ kí àtọ̀gbẹ wọ́pọ̀ láàárín wọn. Wọn kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ wá gbà ni pé uric acid gíga jẹ́ àmì pé ara ti ń ṣe agídí sí insulin. Kì í ṣe òun ni ìyá àrùn.

Ti kíndìnrín náà rí bákan náà. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n fi èsì rẹ̀ síta ní 2020 lo ẹni 530 tó ní irú àtọ̀gbẹ tó ń gba insulin láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kíndìnrín wọn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn. Wọ́n fún àwọn kan ní allopurinol, oògùn tó ń dín uric acid kù, wọ́n fún àwọn yòókù ní oògùn ìtànjẹ tí kò ní agbára kankan. Lára àwọn tó lo allopurinol, uric acid wálẹ̀ láti 6.1 sí 3.9. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kíndìnrín wọn kò sàn ju ti àwọn yòókù lọ.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ bá gbé 7.5 jáde ló yẹ kó sáré lọ ra allopurinol. Ìtọ́sọ́nà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà oríkèé ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2020 gbà níyànjú pé ẹni tí gout kò bá tíì mú rí kò nílò rẹ̀ torí pé uric acid rẹ̀ ga nìkan. Ẹni tí gout ń bá jà léraléra lọ̀rọ̀ kàn, dókítà ló sì máa kọ ọ́ fún un, tí yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n kékeré. Bí ara ẹni tó ń lò ó bá ń sú, tí ẹnu rẹ̀ ń bó tàbí tí ojú rẹ̀ ń ta, kó dá a dúró, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, torí pé ìdíwọ́ tí oògùn náà lè ṣe fún àwọn ẹlòmíràn kì í ṣe kékeré.

Ewu tó wà nínú oògùn àpòpọ̀

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ jù lọ ni ìtọ́jú ara ẹni. Ẹsẹ̀ wú, onítọ̀hún kò lè rìn, ó ní kí ọmọ lọ bá òun ra oògùn làkúrègbé wá. Ẹni tó ń tà á á da oríṣi mẹ́rin tàbí márùn-ún pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré. Lára wọn, dexamethasone tàbí prednisolone sábà máa ń wà. Oògùn méjèèjì máa ń lé ìrora lọ lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi fẹ́ràn wọn. Àmọ́ wọ́n máa ń lé ṣúgà sókè burúkú lára alátọ̀gbẹ. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 130 lánàá lè bá ara rẹ̀ ní 350 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn dókítà náà máa ń lo irú oògùn yìí fún gout nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n fún ọjọ́ díẹ̀ ni, wọ́n á sì máa ṣọ́ ṣúgà lójú méjèèjì.

Ibuprofen àti diclofenac náà ní tiwọn. Bí kíndìnrín bá le, wọn kì í ṣe ìjàǹbá fún ìgbà díẹ̀. Bí àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti fọwọ́ ba kíndìnrín, wọ́n lè parí iṣẹ́ tó kù. Bí kíndìnrín bá sì ti rẹ̀yìn, uric acid tí onítọ̀hún ń sá fún yóò tún pọ̀ sí i. Bí ẹni ń fi epo pa iná lọ̀rọ̀ náà á wá rí.

Àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ kò yàtọ̀. Ohunkóhun tí ìbáà wà nínú ewé àti egbò ọ̀hún, ọtí inú rẹ̀ ń dí uric acid lọ́nà kó má lè jáde.

Ọ̀rọ̀ tún kù. Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ tó wú tó pọ́n ni gout. Ó lè jẹ́ pé kòkòrò àrùn ti gba ojú egbò kékeré kan wọlé, egbò tí alátọ̀gbẹ kò mọ̀ pé ó wà torí pé iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú. Ó lè jẹ́ pé egungun inú ẹsẹ̀ ló ti ń rún. Ẹni tó bá pe kòkòrò àrùn ní gout, tó ń fi ìkùnra pa á nílé, lè pàdánù ẹsẹ̀ náà. Èyí tó dájú jù láti mọ gout ni kí dókítà fi abẹ́rẹ́ fa omi inú oríkèé, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wóró ṣóńṣó wọ̀nyẹn wà níbẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó, nítorí pé lọ́jọ́ tí gout ń jà gan-an, uric acid inú ẹ̀jẹ̀ lè wà ní déédéé. Ó dára kí wọ́n tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ìrora ti lọ.

Nígbà tí ìròyìn ayọ̀ kì í ṣe ayọ̀

Àmì kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń ṣì kà. Alátọ̀gbẹ kan ti ń lo oògùn tàbí insulin lọ́dún pípẹ́. Lójijì, ṣúgà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ fúnra rẹ̀, kò yí oúnjẹ padà, kò fi kún oògùn. Òógùn ń bò ó, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn ará ilé ní Ọlọ́run ti ṣe é, àtọ̀gbẹ ti lọ. Bí uric acid bá tún ń gòkè lásìkò kan náà, ó yẹ kí wọ́n fura. Kíndìnrín wà lára ibi tí ara ti ń palẹ̀ insulin mọ́. Bó bá ti ń kú lọ, insulin á pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ṣúgà á máa já wálẹ̀. Kíndìnrín yìí kan náà ló yẹ kó da uric acid nù, kò sì lè dà á nù mọ́. Ẹni tó bá rí àmì méjèèjì pọ̀ nílò àyẹ̀wò kíndìnrín kíákíá, kí dókítà sì tún oògùn rẹ̀ wò.

Oògùn tó ń gbé e sókè, oògùn tó ń mú un wálẹ̀

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń múni tọ̀, bíi hydrochlorothiazide, máa ń lé uric acid sókè. Aspirin kékeré tí wọ́n ń lò nítorí ọkàn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Èyí kò sọ pé kẹ́nikẹ́ni dá wọn dúró fúnra rẹ̀ o, torí pé rọpárọsẹ̀ àti àìsàn ọkàn kò ṣeé fi ṣeré. Ohun tó yẹ ni kéèyàn béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá òmíràn wà. Losartan, tó jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bákan náà, máa ń mú uric acid wálẹ̀ díẹ̀.

Ìran oògùn àtọ̀gbẹ kan tún wà tí empagliflozin àti dapagliflozin wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti jẹ́ kí kíndìnrín máa da ṣúgà sínú ìtọ̀, uric acid náà á sì bá a lọ. Ọ̀gbàrá àtijọ́ náà ni, àmọ́ èyí ní àkóso, torí pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kò ga. Oògùn wọ̀nyí tún ń dáàbò bo kíndìnrín àti ọkàn. Owó wọn kò kéré, wọn kò sì bá gbogbo èèyàn lára mu.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ: ẹ̀wà kò jẹ̀bi

Ibi tí orí alátọ̀gbẹ tó tún ní gout ti máa ń dàrú ni orí tábìlì oúnjẹ. Ẹnì kan á ní, "Mọ̀mí, ẹ̀wà ni kẹ́ ẹ máa jẹ nítorí ṣúgà." Ẹlòmíràn á ní, "Ẹ má fẹnu kan ẹ̀wà o, purine wà nínú rẹ̀." Èwo ni ṣíṣe?

Ìwádìí kan tó jáde ní 2004 dá ẹjọ́ náà. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi tẹ̀ lé ọkùnrin 47,150 ní Amẹ́ríkà, gout sì mú 730 nínú wọn láàárín àkókò náà. Àwọn tó ń jẹ ẹran àti oúnjẹ inú omi púpọ̀ ni ewu wọn pọ̀. Ti àwọn tó ń jẹ ẹ̀fọ́ tàbí oúnjẹ irúgbìn tó ní purine kò pọ̀ sí i. Àwọn tó ń mu wàrà sì rí ààbò níbẹ̀. Nítorí náà, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà sísè, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti wàrà tí kò ní ṣúgà kò jẹ̀bi. Àwọn tó yẹ kéèyàn fà sẹ́yìn fún ni ẹ̀dọ̀, kíndìnrín ẹran àti àwọn nǹkan inú ẹran mìíràn, ẹran pupa tó pọ̀ jù, àti edé tí wọ́n ń rọ́ dà sínú ọbẹ̀ bí ẹni ń rọ́ gààrí.

Nínú ọtí, bíà ló burú jù fún gout, ọtí líle ló tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ọ̀tá tí wọn kì í dárúkọ ni ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Irú ṣúgà kan wà nínú rẹ̀ tí ẹ̀dọ̀ máa ń fọ́, uric acid sì máa ń jáde nínú iṣẹ́ náà. Ìgò kan ṣoṣo á lé ṣúgà sókè, á tún fi uric acid kún un. Omi èso inú páálí kò sàn jù ú lọ, oyin pàápàá kò gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí náírà 10 lórí lítà kan ohun mímu aládùn, àmọ́ owó orí kò lè gba ìgò lọ́wọ́ ẹni tó ti pinnu láti mu ún.

Ẹni tó sanra kó dín kù díẹ̀díẹ̀. Kó má febi pa ara rẹ̀, torí pé bí ara bá ń jó ọ̀rá kíákíá, uric acid á ga, gout sì lè jí. Ẹni tó bá fẹ́ gba ààwẹ̀, yálà ti Ràmàdáánì ni tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, kó rí dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀. Omi mímu dára, àfi ẹni tí dókítà bá ti sọ pé kó dín in kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín.

Bí wọ́n ṣe ń ka ìwé àyẹ̀wò

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ìwé àyẹ̀wò ẹyọ kan kò lè sọ gbogbo ìtàn. Kí alátọ̀gbẹ yẹ HbA1c wò lóṣù mẹ́ta mẹ́ta bí ṣúgà kò bá tíì dúró, kó sì yẹ kíndìnrín wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán, láti inú ẹ̀jẹ̀ àti láti inú ìtọ̀. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, sísàlẹ̀ 7 ni wọ́n ń fẹ́ kí HbA1c wà. Ẹni tó ní àìsàn fọnífọníkú-fọnídìde kó tètè sọ fún dókítà, nítorí pé HbA1c lè purọ́ lára rẹ̀.

Kéèyàn tún wo bí wọ́n ṣe ka iye. Àwọn ibi àyẹ̀wò kan ń lo mg/dL, àwọn mìíràn ń lo µmol/L. Uric acid tó jẹ́ 6.8 níbì kan á jẹ́ nǹkan bí 404 níbòmíràn. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé ayé òun ti parí. Lára ẹni tó ń lo oògùn gout, ohun tí dókítà ń lépa ni kó wà nísàlẹ̀ 6, ìyẹn nǹkan bí 360.

Bí wọ́n bá sì gbé ìwé méjì síwájú ara wọn, kí wọ́n má wo uric acid nìkan. Kí wọ́n béèrè bí ṣúgà ṣe rí lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Uric acid tó kéré pẹ̀lú ṣúgà tó jẹ́ 300 kì í ṣe ohun àjọyọ̀. Uric acid tó lé díẹ̀ nígbà tí ṣúgà wálẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn tìtorí rẹ̀ ju oògùn nù.

Ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdọọdún ni gbogbo ayé fi ń rántí ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ. Ọjọ́ ìbí Frederick Banting ni, ọ̀kan lára àwọn tó ṣàwárí insulin nílùú Toronto lọ́dún 1921. Kó tó di àsìkò yẹn, ọmọdé tí àtọ̀gbẹ bá mú kì í pẹ́ láyé. Lónìí, oògùn wà, àyẹ̀wò wà. Ìwádìí kan tó kó ìwádìí lóríṣiríṣi ní Nàìjíríà pọ̀, tó jáde ní 2018, fojú bù ú pé nǹkan bí ìdá 5.77 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà orílẹ̀-èdè yìí ló ní àtọ̀gbẹ. Kò sí àdúgbò tí kò ní tirẹ̀.

Ní ti bàbá oníṣòwò, ọ̀nà tó tọ́ kò jìnnà. Kó ṣí dúrọ́ọ̀, kó kó oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀ jáde padà. Kó gbé ẹsẹ̀ tó wú náà lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kó mú ìwé àyẹ̀wò tàtijọ́ àti tuntun dání, kó sì ka orúkọ gbogbo oògùn tó ń lò, títí kan àgbo, láìfi ọ̀kan pamọ́. Gout ní ìtọ́jú. Ṣúgà tí wọ́n bá tún jẹ́ kó padà sí 250 ni yóò gba ojú, yóò gba kíndìnrín, tí yóò sì wá gba ẹsẹ̀ tí gbogbo ilé ń tìtorí rẹ̀ pariwo. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.